Gbèsè tó wà lábẹ́ afárá

Lọ́dún 2025, David Umahi, mínísítà fún iṣẹ́ òde ní Nàìjíríà, fi ìṣirò kan síta tó yẹ kó mú gbogbo ará Èkó jókòó ronú. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ tún Afárá Carter ṣe, ₦380 bílíọ̀nù ni yóò ná ìjọba. Bí wọ́n bá sì wó o lulẹ̀ tí wọ́n kọ́ tuntun, ₦359 bílíọ̀nù ni. Ti Afárá Third Mainland náà kò yàtọ̀: àtúnṣe, ₦3.8 tírílíọ̀nù, tuntun, ₦3.6 tírílíọ̀nù. Ẹni tó bá ní ilé, tàbí ọkọ̀, tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ pàápàá, mọ ohun tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Nǹkan tí àtúnṣe rẹ̀ ti wọ́n ju tuntun lọ, wọ́n ti fi í sílẹ̀ kọjá àsìkò nìyẹn. Owó tí a kò ná nígbà tó yẹ kò sì kúkú bá wa gbé nínú àpò. Ó wọ abẹ́ omi lọ, ó di ìpáàrà lára irin, ó ń bí sí i lọ́dọọdún láìsí ẹni tó ń kà á. Gbèsè ni. Bí gbèsè yẹn ṣe ń pọ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, àti ìdí tí owó gọbọi tí ìjọba ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò fi lè san án tán. Èrò tèmi ni pé owó kékeré tó ń wọlé lójoojúmọ́ lára epo àti lára ẹrù, tí a ti fi òfin dè pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ohun mìíràn, ló lè mú kí títì àti afárá ìlú bí Èkó dúró.

Ẹ jẹ́ ká ti orí títì bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ojú gbogbo wa tó. Ọ̀dà dúdú tó wà lókè kọ́ ló ń gbé ọkọ̀. Bí òrùlé ló rí. Ohun tó ń gbé ọkọ̀ wà nísàlẹ̀, ìpele lórí ìpele, ilẹ̀ pupa, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fi rólà tẹ̀ títí tó fi le gbagidi. Níwọ̀n ìgbà tí ìsàlẹ̀ yìí bá gbẹ, títì á pẹ́. Ṣùgbọ́n ògiri tó bá lanu ni alángbá ń wọ̀, omi sì ni alángbá títì. Oòrùn á mú kí ọ̀dà gan, á sán tín-ín-rín, òjò á gba ojú sísán náà wọlé, táyà tó ń kọjá á máa tẹ omi náà mọ́lẹ̀, omi á sì máa gbé iyanrìn jáde díẹ̀díẹ̀. Kí awakọ̀ tó rí kòtò lókè, abẹ́ ibẹ̀ ti ṣófo tipẹ́. Ní Èkó, ilẹ̀ rẹlẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà, òjò pọ̀, gọ́tà tó yẹ kó gbé omi lọ sì sábà máa ń kún fún ọ̀rá àti ìdọ̀tí, nítorí náà omi kì í tètè kúrò lára títì. Ẹni tó bá kó gọ́tà nìkan ti tún títì ṣe dé ìdajì.

Ohun tó so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọ̀rọ̀ owó ni pé ìbàjẹ́ títì kì í rìn lọ́gbọọgba. Ní ọdún mélòó kan àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá. Olóṣèlú tó bá kọ̀ tí kò tọ́jú rẹ̀ kò ní rí ìyà kankan jẹ. Nígbà tó bá dé àyè kan, á kàn já wálẹ̀ lójijì. Kó tó já, ohun tó nílò kò ju kí wọ́n da ọ̀dà sójú sísán kí wọ́n sì dí ihò wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn tó bá já, wọ́n ní láti hú u láti ìsàlẹ̀, kí wọ́n tún gbogbo ìpele tẹ́. Lọ́dún 1988, Báńkì Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde lórí títì ní orílẹ̀-èdè 85 tó ń gòkè àgbà. Ohun tí wọ́n rí ni pé títì tí iye rẹ̀ tó $45 bílíọ̀nù ti bàjẹ́ dànù nítorí àìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ owó ìtọ́jú tí kò tó $12 bílíọ̀nù ni ì bá ti gbà á là. Dọ́là kan tí wọ́n fà sẹ́yìn di nǹkan bíi mẹ́rin. Kò sí ayánilówó aládùúgbò kan tó ń gba irú èlé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ pọ́n, ó sì dùn mí pé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́ ló ń san án jù.

Ti afárá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ibi tó ti ń bàjẹ́ kì í hàn sí ẹni tó ń gba orí rẹ̀ kọjá. Afárá ní oríkèé bí ara ènìyàn. Kọnkéré máa ń wú nígbà tí oòrùn bá mú un, á sì sún kì nígbà tí òtútù bá dé, nítorí náà wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín abala kan àti èkejì, wọ́n á wá fi irin àti rọ́bà dí àyè náà kó lè máa nà kó sì máa sún. Àwọn oríkèé yìí ló ń dún lábẹ́ táyà bí ọkọ̀ bá ń sáré lórí Third Mainland. Lábẹ́ abala kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan wà bíi tìmùtìmù tó gbé e lé orí òpó; lábẹ́ òpó ni àwọn ìpìlẹ̀ gígùn tí wọ́n gbìn wọ inú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀sà. Oríkèé àti tìmùtìmù kì í pẹ́ láyé tó afárá fúnra rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀mélòó kan kí ọjọ́ ayé afárá tó pé, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀. Bí oríkèé bá ya tí wọ́n fi í sílẹ̀, omi á máa kán sórí tìmùtìmù àti òpó. Bí omi iyọ̀ bá sì ráyè wọ inú kọnkéré, irin inú rẹ̀ á dógùn-ún, ìpáàrà náà á máa wú, á sì máa ti kọnkéré já bọ́ láti inú wá sóde. Kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó rí irin pupa lára òpó, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì.

Afárá mẹ́ta ló so erékùṣù Èkó mọ́ òkè odò. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ Afárá Carter lọ́dún 1901, wọ́n tún un kọ́ ní àwọn ọdún 1930, wọ́n sì tún un kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìparí àwọn ọdún 1970. Lọ́dún 1965 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Afárá Èkó. Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ sún mọ́ kìlómítà 12, ni wọ́n ṣí abala àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún 1980, tí wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1990; títí di 1996, kò sí afárá tó gùn tó o ní gbogbo Áfíríkà. Èyí tó jẹ́ àbúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pé ọdún 35. Wọ́n ti Third Mainland fún àtúnṣe lọ́dún 2012. Wọ́n tì í fún ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2018 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti apá kan rẹ̀ láti oṣù Keje 2020 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2021 láti pààrọ̀ oríkèé. Wọ́n tún tì í ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 nítorí ọ̀dà orí rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2022, iná tó jó ọjà abẹ́ Afárá Èkó ní Apọ́ngbọ̀n ba kọnkéré afárá náà jẹ́ débi pé wọ́n ní láti tì í. Ìjọba sì ti ń pariwo nípa àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà nítòsí afárá, nítorí iṣẹ́ wọn ń tú ilẹ̀ tó di ìpìlẹ̀ mú. Kò sí ìkankan nínú nǹkan wọ̀nyí tó yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. A mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí afárá pé oríkèé rẹ̀ yóò gbó. Síbẹ̀, nígbàkígbà tó bá gbó, ńṣe ni wọ́n ń wá owó kiri bíi ti àìsàn òjijì.

Kí ló dé? Wọ́n sábà máa ń dáhùn pé ìjọba kò lówó, tàbí pé olè ni ìjọba. Òótọ́ wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kò ṣàlàyé ìdí tí ìjọba tí kò lówó fi ń rí owó kọ́ ọ̀nà tuntun nígbà tí àtijọ́ ń já wálẹ̀. Ọ̀nà tí owó ń gbà wá ló fa èyí. Owó àtúnṣe wà nínú ètò ìṣúná ọdọọdún, níbi tó ti ń bá owó oṣù òṣìṣẹ́, gbèsè òkèèrè, ààbò àti ìdìbò jà. Oríkèé afárá kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó lè daṣẹ́ sílẹ̀. Àtúnṣe kò ní ọjọ́ ìṣílé tí gómìnà yóò gé rìbọ́ọ̀nù. Bí owó epo rọ̀bì bá já lọ́jà àgbáyé, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ gé, nítorí kò sí ẹni tí yóò sunkún lọ́dún náà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fọwọ́ sí i, fífọwọ́sí yàtọ̀ sí sísan: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ títì ṣe é ṣe dáadáa, owó ìjọba sì lè dé nígbà tí òjò ti gba ìlú kan. Agbaṣẹ́ṣe tó mọ̀ pé owó òun lè pẹ́ á ti bu owó ìdúró yẹn mọ́ iye tó kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Báyìí ni àìdánilójú fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ iṣẹ́ di ọ̀wọ́n.

Lórí èyí, títì kan ṣoṣo nínú ìlú lè ní olówó mẹ́ta tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìwé òfin 1999 gbé àwọn òpópónà ńlá lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́, ó sì ka títì àdúgbò àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Èyí tó kù wà lọ́rùn ìpínlẹ̀. Awakọ̀ danfo tó gbéra ní Muṣin tó ń lọ sí Ọbáléndé lè gba orí títì ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kí ìṣẹ́jú 20 tó pé, ká ní kò sí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Kò mọ̀ ọ́n, kò sì pọn dandan kó mọ̀ ọ́n. Omi tí ìjọba ìbílẹ̀ kò fi gọ́tà gbé ló ń ba títì ìjọba àpapọ̀ jẹ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́jọ́ ní oṣù Keje 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, èyí sì dára; ṣùgbọ́n owó tó dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ láìsí ohun tó dè é mọ́ gọ́tà àti títì lè gba ọ̀nà mìíràn lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀.

Kí ẹni tó bá ń lo ọ̀nà máa sanwó ọ̀nà kì í ṣe àjèjì sí wa. Láyé àtijọ́, oníbodè wà lẹ́nu ibodè ìlú, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ru ẹrù ọjà wọlé. Bí ọdún bá sì yí po, àdúgbò kọ̀ọ̀kan a jáde lọ yẹ ọ̀nà tó kàn án, ọ̀nà odò, ọ̀nà oko, ọ̀nà ìlú kejì. Ẹ wò ó dáadáa: iṣẹ́ ọ̀nà yíyẹ kì í dúró de ìgbà tí ọ̀nà bá dí pátápátá. Ó ní àsìkò, ó ní ẹni tó kàn, ojú sì ń rí i bí ẹnì kan kò bá jáde. Nígbà tí títì ọlọ́dà dé, ìjọba àpapọ̀ gbé ibodè tirẹ̀ kalẹ̀ sí àwọn òpópónà, wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ onímọ́tò. Ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló fagi lé ibodè wọ̀nyí bí 2003 ṣe ń parí lọ. Wọ́n ní owó tó ń wọlé níbẹ̀ kéré, ó ń fa ìdádúró, ọwọ́ tó ń gbà á kò mọ́, àti pé àfikún tó ti gorí owó epo yóò rọ́pò rẹ̀. Ibodè lọ lóòótọ́. Owó epo gòkè lóòótọ́. Èyí tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ títì nínú rẹ̀ ni kò dé.

Òfin kò tilẹ̀ ṣàìsí. Wọ́n dá àjọ FERMA sílẹ̀ lọ́dún 2002 láti máa tọ́jú títì ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàtúnṣe òfin náà lọ́dún 2007, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí wọ́n máa yọ 5% lára iye tí wọ́n ń ta epo bẹntiróòlù àti dísù, kí 40% nínú rẹ̀ jẹ́ ti FERMA, kí 60% sì lọ sọ́dọ̀ àwọn àjọ tó ń tọ́jú títì ní ìpínlẹ̀. Ó dára lórí ìwé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún ọdún tí òfin yẹn ti wà, wọn kò lò ó. Òfin owó-orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2025 tún gbé 5% lórí epo jáde, ó yọ kẹrosíìnì ìdáná àti gáàsì ìdáná sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi bí mínísítà fún ètò ìnáwó bá gbé àṣẹ jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba. Nígbà tí ariwo gba ìlú lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹrù tuntun ni. Ẹrù àtijọ́ ni, tí ẹnikẹ́ni kò rù rí.

Kí n tó dé orí àwọn tó lòdì sí i, mo fẹ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí títì máa ń pò pọ̀. Ìtọ́jú ọdọọdún wà, gbèsè àtẹ̀yìnwá sì wà. Ìtọ́jú ni gọ́tà kíkó, ihò dídí, oríkèé pípààrọ̀, àyẹ̀wò abẹ́ omi. Ó dà bí owó oúnjẹ, lójoojúmọ́ ni, kò sì yẹ ká yáwó ṣe é láéláé. Gbèsè àtẹ̀yìnwá ni Afárá Carter àti àwọn títì tó ti já dé ìsàlẹ̀. Ìyẹn kò ṣe é fi owó ọdún kan san, ó sì tọ́ ká yáwó fún un, nítorí àwọn tí yóò lò ó ní ogún ọdún sí i yẹ kó bá wa san níbẹ̀. Nàìjíríà ní ìrírí níbi yíyáwó yẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, ìjọba àpapọ̀ ta Súkúùkì (ìwé ẹ̀yáwó ìjọba) àkọ́kọ́, ₦100 bílíọ̀nù tí wọ́n yá fún ọdún méje, èrè rẹ̀ jẹ́ 16.47% lọ́dún, wọ́n sì pín owó náà sórí títì 25. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé owó náà ní orúkọ títì lára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi owó yíyá tún títì ṣe, tí kò sì sí owó ọdọọdún tí yóò máa kó gọ́tà rẹ̀, títì náà lè kú kí wọ́n tó san gbèsè rẹ̀ tán. Ìlú á wá jókòó sórí kòtò, á máa san èrè lórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ètò tí ààrẹ Muhammadu Buhari fi àṣẹ gbé kalẹ̀ lọ́dún 2019, pé kí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe títì, kí wọ́n sì yọ owó náà kúrò nínú owó-orí tí wọ́n jẹ ìjọba. Ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, Òwórónṣòkí àti Ọjọ́ta ni wọ́n fi irú rẹ̀ ṣe ní Èkó, Dangote ló fi kọnkéré tẹ́ ẹ, tírélà sì ń rí ibi gbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èrè tòótọ́ ni. Àmọ́, owó ìlú náà ni, kò ti ibòmíràn wá. Ilé-iṣẹ́ sì máa ń yan títì tí ọjà rẹ̀ ń gbà. Ta ni yóò yan àdúgbò kan ní Ajégúnlẹ̀ tí kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ta ló yẹ kó sanwó gba àlàyé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìwádìí ti ràn wá lọ́wọ́ jù. Láàárín 1958 sí 1960, wọ́n ṣe ìdánwò ńlá kan ní Ottawa, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ́ oríṣiríṣi títì, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ tí ìwọ̀n ẹrù wọn yàtọ̀ síra lórí wọn tọ̀sán-tòru. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà ṣì ń lò káàkiri ayé: bí ẹrù tó wà lórí ọ̀pá táyà kan bá di ìlọ́po méjì, ìpalára rẹ̀ fún títì á di nǹkan bí ìlọ́po 16. Ọ̀pá táyà tó gbé tọ́ọ̀nù mẹ́wàá lè ba títì jẹ́ tó ìlọ́po 10,000 ti èyí tó gbé tọ́ọ̀nù kan. Nítorí náà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti kẹ̀kẹ́ Marwa tí a ń sá fún lójú títì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ba títì jẹ́ rárá. Táńkà àti tírélà tó kó ẹrù kọjá ìwọ̀n láti èbúté Àpápá ló ń jẹ ẹ́. 5% lára epo nìkan kò lè sọ ìyàtọ̀ yìí, torí tírélà kì í jó epo ní ìlọ́po 10,000. Ó gbọ́dọ̀ ní èkejì: òṣùwọ̀n ọkọ̀ lẹ́nu èbúté àti lẹ́nu ibi ìkó-epo-sí, kí ẹni tó bá kọjá ìwọ̀n san owó tó wúwo, kí owó náà sì wọ àpò kan náà pẹ̀lú ti epo, àpò títì tí wọn kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ohun mìíràn.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ìyà ará ìlú. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo, gbogbo nǹkan ló gbówó lórí, ẹni tó bá ní kí wọ́n tún fi nǹkan kún un gbọ́dọ̀ ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní lítà epo kan jẹ́ ₦900, 5% rẹ̀ jẹ́ ₦45. Ká ní danfo kan jó lítà 40 lójúmọ́, ₦1,800 nìyẹn; bó bá gbé èrò 14 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò tó ₦13 lórí èrò kan. Ní ìdojúkọ èyí, ẹ ka ohun tí awakọ̀ yẹn ń san fún kòtò báyìí: ṣọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, táyà tó bẹ́, epo tó ń jó dànù nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, àti ìrìn-àjò méjì tí kò lè rìn mọ́ nítorí ọ̀nà. Ara owó ọkọ̀ ló ti ń yọ gbogbo rẹ̀, lára aláta àti ọmọ iléèwé. A ti ń san owó títì. Mẹkáníìkì ni à ń san án fún. Síbẹ̀, mi ò ní fi ìṣirò gba ìyà mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń pín owó tó pọ̀ sí i láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi apá kan nínú ìyẹn sínú àpò títì fún ọdún kan, kí ará ìlú rí iṣẹ́, kí owó orí epo tó bẹ̀rẹ̀ láti 1%, kó máa gòkè bí iṣẹ́ bá ṣe ń hàn. Ohun tí ẹni tó ti jìyà ní ẹ̀tọ́ sí ni kó rí gọ́tà tí wọ́n ti kó kó tó yọwó.

Àtakò kejì ni pé wọn yóò jí i. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ èyí sẹ́yìn. Ghana, aládùúgbò wa, dá àpò títì tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1997, owó epo ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, ó sì ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2017, ìjọba wọn ṣe òfin tó fi ìdè sí iye tí irú àpò bẹ́ẹ̀ lè gbà, kí ìyókù lè lọ sínú àpò gbogbogbò. Kò sí olè tó fọ́ ilẹ̀kùn. Òfin ló ṣí i. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí òfin tiwa sọ pé owó náà kò gba inú àpò ìjọba kọjá rárá, láti ibi ìkó-epo-sí ni kó ti wọ àpò títì, kí àwọn awakọ̀, àwọn ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ ẹnjiníà ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ọ, kí wọ́n má sì san kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ tí wọn kò tíì wọ̀n. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó jinlẹ̀ jù wà nínú irú iṣẹ́ náà. Olè jíjà rọrùn nínú iṣẹ́ ₦300 bílíọ̀nù tí ìwé rẹ̀ wà ní Àbújá, tí ẹni márùn-ún péré ló lè kà á. Ó ṣòro nínú iṣẹ́ gọ́tà òpópónà kan ní Agége tí wọ́n kọ iye owó rẹ̀, orúkọ ẹni tó gbà á àti ọjọ́ tó yẹ kó parí sára pátákó ní ẹnu ọ̀nà ọjà. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà níbẹ̀ ni ayẹ̀wéwò tí kò ní gba rìbá, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni omi ń gbà. Ìtọ́jú kékeré tó wà káàkiri ṣòroó jí ju iṣẹ́ ńlá lọ. Ẹni tó bá bẹ̀rù olè ló yẹ kó kọ́kọ́ fẹ́ ìtọ́jú ọdọọdún.

Àwọn kan á ní kí wọ́n fi í fún aládàáni, kí ibodè padà wá. Ó ṣe é ṣe níbi tí ọ̀nà àbáwọlé kò pọ̀, bí Afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí tí wọ́n ń gbowó lórí rẹ̀. Kò ṣe é ṣe ní Muṣin, níbi tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ẹnu ọ̀nà. Gbígba owó fúnra rẹ̀ kì í sì í tún afárá ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2018, Afárá Morandi ní Genoa, ní Ítálì, já wálẹ̀, ó pa ènìyàn 43. Ọ̀nà onísanwó ni, ọwọ́ aládàáni ló wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 51. Ohun tó jẹ àwọn okùn irin rẹ̀ ni ìpáàrà tó wà nínú kọnkéré, níbi tí ojú kò tó. Amẹ́ríkà ti rí irú rẹ̀ ṣáájú: nígbà tí Silver Bridge já lọ́dún 1967 tó pa ènìyàn 46, wọ́n ṣe òfin pé kí wọ́n máa yẹ gbogbo afárá wò, ó pẹ́ jù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ fún jù lórí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, nítorí pé láìsí àkọsílẹ̀, owó kò mọ ibi tí yóò lọ: kí afárá kọ̀ọ̀kan ní Èkó ní ìwé ìlera tirẹ̀, bí káàdì ọmọ ní ilé ìwòsàn, kí ó wà níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á, kí owó àpò títì sì máa tẹ̀ lé e, èyí tó ṣàìsàn jù ṣáájú, láìka ẹni tí àdúgbò náà dìbò fún sí.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti dé orí Afárá Carter tuntun. Bí wọ́n bá kọ́ ọ, òun ni yóò jẹ́ ìkẹrin lójú kan náà láti 1901. Yóò ní oríkèé, yóò ní tìmùtìmù, ìpìlẹ̀ rẹ̀ yóò sì wà nínú omi iyọ̀ bíi ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó yàwòrán rẹ̀ yóò mọ ọdún tí oríkèé àkọ́kọ́ yóò gbó àti iye tí yóò náni láti pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n kọ iye yẹn sínú ìwé àdéhùn ìkọ́lé náà, kí wọ́n kọ orúkọ àpò tí yóò ti jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí mínísítà àti gómìnà sì fọwọ́ sí i lójú ìwé kan náà kí wọ́n tó fi òpó kìíní sínú ọ̀sà.